Òkun Nínú Pálọ̀: Táǹkì Ńlá Fún Ẹni Tó Ń Lọ Sílé Ní Oṣù Kejìlá

  

Àbúrò wa kan kọ̀wé sí mi láti Brampton, ní Kánádà. Ó ní òun àti ọkọ òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ilé, pálọ̀ náà fẹ̀, ògiri kan sì wà níbẹ̀ tí kò sí nǹkan kan lára rẹ̀. Láti kékeré ló ti ń wu òun láti ní táǹkì ẹja omi iyọ̀, èyí tó ní iyùn ààyè nínú, tí gbogbo rẹ̀ ń jó nínú omi bí ewé nínú atẹ́gùn. Ó ti sin ẹja omi odò fún ọdún mẹ́rin, kò ṣàì mọ nǹkan. Ó ní òun fẹ́ èyí tó tóbi, ṣùgbọ́n tí kò ní gba iṣẹ́ púpọ̀, nítorí ọmọ méjì wà nílẹ̀, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kò sì fi ààyè sílẹ̀ fún òun. Ó ní ìyá ọkọ òun tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn ti sọ tirẹ̀: pé ẹja tí èèyàn kò lè jẹ, owó tó rì sómi ni. Ó wá fi gbólóhùn kan parí rẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n, gbogbo Oṣù Kejìlá la máa ń lọ sílé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ṣé a óò bá wọn láàyè tí a bá dé?"

Àbúrò mi, ẹ kú ìnáwó ilé o. Ẹ ó pẹ́ níbẹ̀. Ìbéèrè tó yẹ kéèyàn kọ́kọ́ bi lo bi yẹn, ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í sì í bi í títí wọn á fi náwó tán. Èmi náà kò bi í. Ní 2016 mo ń gbé fúláàtì oníyàrá kan ní Lewisham, ní gúúsù Lọ́ńdọ́nù. Mo ní táǹkì omi iyọ̀ kékeré, lítà 60 péré, irú èyí tó jẹ́ pé ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n kó pọ́ǹpù àti hítà pamọ́ sí, tí ìdábùú dúdú kan bò wọ́n. Ẹja méjì ló wà níbẹ̀, edé kan, àti iyùn bíi mẹ́jọ. Ìyá mi papòdà ní Ìjẹ̀bú-Òde, mo sì gbọ́dọ̀ lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo lò. Mo fún aládùúgbò mi ní kọ́kọ́rọ́, mo fi iye oúnjẹ tí yóò máa fún wọn hàn án, ó sì ṣe é bí mo ṣe wí gẹ́lẹ́. Ohun tí n kò sọ fún un ni pé omi máa ń fà. Nínú irú táǹkì yẹn, bí omi bá ń fà, ẹ̀yìn ló ti ń gbẹ. Iwájú yóò kún bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Nígbà tó fi di ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ̀yìn ti gbẹ, afẹ́fẹ́ ni pọ́ǹpù ń mu, hítà ń dá gbóná níbi tí kò ti sí omi mọ́. Aládùúgbò mi ń wo iwájú, omi ló ń rí.

Mo ṣí ilẹ̀kùn, òórùn ló kọ́kọ́ pàdé mi. N kò sunkún níbi ìsìnkú màmá mi, nítorí ẹ mọ bí ìnáwó wa ṣe rí, ẹni tó ń gba àlejò kì í ráyè ẹkún. Iwájú táǹkì yẹn ni mo jókòó sí tí mo ti sun ún. Ẹ̀bi mi ni, kì í ṣe ti aládùúgbò.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé táǹkì iyùn kan wà tí kò gba iṣẹ́ rárá, ọjà ló fẹ́ tà. Èyí tó wà ni èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ mọ níwọ̀n, tí ẹ lè fi kọ́ ẹlòmíràn láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìdánwò Oṣù Kejìlá ni mo fi ń wọn gbogbo nǹkan báyìí: bí mo bá wà ní Ìjẹ̀bú, tí kọ́kọ́rọ́ mi wà lọ́wọ́ aládùúgbò, kí ló lè bàjẹ́?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí títóbi, nítorí níbẹ̀ ni àbúrò wa ti gbọ́n jù mí lọ. Àwọn ènìyàn rò pé kékeré ló rọrùn. Rárá o. Omi òkun ní nǹkan bíi gíráàmù 35 iyọ̀ nínú lítà kan, àwọn ohun tó ń gbé inú rẹ̀ kò sì fẹ́ kó yí padà lójijì. Bí omi bá fà, omi nìkan ló ń lọ, iyọ̀ kì í bá a lọ. Bí lítà 6 bá fà nínú táǹkì oní-lítà 60, iyọ̀ ti kúrò ní 35, ó ti di nǹkan bíi 39. Bí lítà 6 kan náà bá fà nínú lítà 450, kò tíì pé 36. Ẹ ronú nípa ìkòkò ọbẹ̀ ẹni kan àti agbada ọbẹ̀ ìnáwó. Ṣíbí iyọ̀ kan ṣoṣo yóò ba ti àkọ́kọ́ jẹ́, agbada kò ní mọ̀ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan òun. Bákan náà ni bí hítà bá kú lóru nígbà òtútù: omi púpọ̀ á pẹ́ kó tó tutù. Bí ìgbín kan bá kú sẹ́yìn àpáta tí ẹ kò rí i, ìdọ̀tí rẹ̀ á fọ́n ká kó tó lè pa ẹnikẹ́ni lára.

Ṣùgbọ́n títóbi ní ibi tó ń mọ. Àbúrò wa ní ògiri náà gba táǹkì ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà. Mo ní kó má rà á. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin ni kó rà, kó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà méjì láti iwájú dé ẹ̀yìn, kó sì ga ní ẹsẹ̀ bàtà méjì. Sẹ̀ǹtímítà 120 sí 60 sí 60 nìyẹn, lítà 432 bí ẹ bá rọ ọ́ kún dé ẹnu. Ẹni tó bá na apá sínú rẹ̀ yóò kan ìsàlẹ̀ láì ki orí bọmi. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, mo mọ ẹni tó ń gun àkàbà wọ táǹkì rẹ̀. Ibi tí ọwọ́ yín kò bá tó, ẹ kò ní tọ́jú rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ìdọ̀tí máa ń kọ́lé sí. Táǹkì ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà ju lítà 600 lọ. Iná rẹ̀ pọ̀, iyọ̀ rẹ̀ pọ̀, gbogbo ìgbà tí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ omi ni ẹ̀yìn yín máa rántí yín. Ìdí kan ṣoṣo tí mo lè fi fọwọ́ sí i ni bí ẹ bá fẹ́ ẹja tó ń lúwẹ̀ẹ́ jìnnà, bíi yellow tang, ẹja aláwọ̀ ìyeyè tó gbajúmọ̀ yẹn. Ẹja yẹn kì í dúró lójú kan. Nínú ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, ẹlẹ́wọ̀n ni lójú tèmi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi í síbẹ̀.

Ẹ wá jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ilẹ̀. Lítà omi kan wúwo tó kílò kan. Lítà 432, ẹ ti ń sọ̀rọ̀ kílò 432 kí ẹ tó ka gíláàsì, àpáta, tábìlì tó rù ú, àti omi tó wà nísàlẹ̀. Gbogbo rẹ̀ yóò kọjá kílò 600. Bíi àgbàlagbà mẹ́jọ ni, tí wọ́n dúró pọ̀ lójú kan tí ẹni kankan kò gbésẹ̀, lọ́sàn-án lóru, fún ọdún mẹ́wàá. Bí ilẹ̀ yín bá jẹ́ kọnkéré tó jókòó sórí erùpẹ̀, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilé Kánádà, pákó ni ilẹ̀ pálọ̀, yàrá abẹ́ ilẹ̀ sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ gbé táǹkì sí ẹ̀gbẹ́ ògiri tó ru ilé, kí ó dábùú àwọn igi tó gbé ilẹ̀ dúró, kí ó má tò gùn sórí igi kan tàbí méjì. Kí ẹ tó rà á, ẹ sanwó fún ẹnjiníà ilé kó wá wò ó. Mo mọ̀ pé owó ni, ṣùgbọ́n ẹ fi wé owó títún ilẹ̀ ṣe. Ẹni tó bá ń gbé ilé onílé, kó kọ́kọ́ ka ìwé àdéhùn rẹ̀, kó sì bi ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì bóyá wọ́n máa san nǹkan bí omi bá já bọ́ sórí aládùúgbò ìsàlẹ̀. Àwọn mìíràn kì í san án.

Nípa ọjà àlòkù: nílé, ohun tó bá ti òkè òkun dé la ń pè ní tòkunbọ̀. Àwa tí a wà lókè òkun níbí wá ń ra tòkunbọ̀ lọ́wọ́ ara wa. Tábìlì, pọ́ǹpù, iná, ẹ rà á ní àlòkù, kò burú. Gíláàsì gan-an, ẹ ra tuntun. Lẹ́ẹ̀ tó so gíláàsì pọ̀ ní ọjọ́ orí, ẹni tó ń tà á kò sì ní sọ ọ́ fún yín.

Irú wo wá ni ká rà? Méjì ló wà lọ́jà. Èkíní ni èyí tí gbogbo ẹ̀rọ wà lẹ́yìn rẹ̀, bí èyí tó já mi kulẹ̀. Ìkejì ni èyí tó ní táǹkì kékeré kan nísàlẹ̀ nínú tábìlì, tí wọ́n ń pè ní sump. Omi á máa ti òkè ṣàn wọ inú rẹ̀, pọ́ǹpù á sì máa dá a padà sókè. Nínú ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, mi ò ní gbà kí ẹnikẹ́ni ra èyí tí kò ní sump. Hítà wà níbẹ̀, a kò rí i. Skimmer wà níbẹ̀: ẹ̀rọ kan ni tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ wẹ́wẹ́ sínú omi títí yóò fi hó, ìdọ̀tí á lẹ̀ mọ́ ìfófó, ìfófó á gùn ún lọ sínú ife. Bí ẹ bá ti ń re ìfófó kúrò lórí ẹ̀wà tó ń hó lórí iná rí, ẹ ti mọ iṣẹ́ skimmer. Gbogbo omi tó bá fà, inú sump ló ti máa hàn, kò ní farapamọ́ fún yín bó ṣe farapamọ́ fún aládùúgbò mi.

Kí ẹ tó fi ohun abẹ̀mí kan sínú rẹ̀, ẹ pa pọ́ǹpù náà, kí ẹ dúró kí ẹ máa wò. Omi òkè á máa ṣàn wá sísàlẹ̀ títí yóò fi dáwọ́ dúró fúnra rẹ̀. Ṣé sump gbà á, àbí ó kún àkúnwọ́sílẹ̀? Bí kò bá gbà á, ọjọ́ tí iná bá lọ ni kápẹ́ẹ̀tì yín á mọ̀. Ẹ dánwò lẹ́ẹ̀mẹta. Kí páìpù tó ń sọ̀kalẹ̀ sì jẹ́ méjì, kó má jẹ́ ọ̀kan, nítorí ìgbín lásán lè di ọ̀kan pa.

Ohun tó gba táǹkì mi kejì là ni ẹ̀rọ tó ń dá omi tó fà padà fúnra rẹ̀. Ojú kan wà nínú sump tó ń ṣọ́ ìwọ̀n omi. Bó bá ti dínkù díẹ̀, pọ́ǹpù kékeré á fa omi láti inú agbè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Omi lásán ni o, kì í ṣe omi iyọ̀, mo ti sọ ìdí rẹ̀. Ẹ̀rọ yìí kì í ṣe àfikún, ara táǹkì ni. Ẹni tí owó rẹ̀ kò bá tó o, kó dúró.

Nínú gbogbo ẹ̀rọ, hítà ni mo fọkàn tán kéré jù. Ó lè kú, ó sì lè ṣe èyí tó burú ju kíkú lọ: kó máa gbóná kó má mọ ìgbà tó yẹ kó dúró. Ẹ má ra ńlá kan, ẹ ra kékeré méjì, kí ẹ so méjèèjì mọ́ ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ìgbóná, kí omi wà ní 25 sí 26 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bí ọ̀kan bá ya wèrè, agbára rẹ̀ kò tó láti se táǹkì jinná. Bí ọ̀kan bá kú, èkejì á dì í mú títí ẹnìkan yóò fi ṣàkíyèsí. Ní ti owó iná mànàmáná, ẹ má bi ẹni tó ń tà á. Ẹ kó wọ́ọ̀tì gbogbo ẹ̀rọ pọ̀. Bí ó bá jẹ́ wọ́ọ̀tì 150 ní ìpíndọ́gba lọ́sàn-án lóru, kílówáàtì-wákàtí bíi 108 ni lóṣù; ẹ fi iye tí wọ́n ń gbà lọ́dọ̀ yín sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ tún rántí pé ìgbà òtútù á lé e sí i.

Ó dáa, iyùn wá ńkọ́? Bí mo bá ní iyùn, ohun tó wá sọ́kàn yín ni ìlẹ̀kẹ̀ pupa tó wà lọ́rùn ọba, tàbí èyí tí màmá yín wọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Ẹ gbọ́ o, iyùn kì í ṣe òkúta, kì í sì í ṣe ewéko. Ẹranko ni. Iyùn pupa tí àwọn bàbá wa rà lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò, egungun ẹranko òkun ni, láti òkun Mẹditaréníà ló ti wá, ibi tí oòrùn kò mọ́lẹ̀ púpọ̀ sí ló sì ń gbé. Kò sí òkìtì iyùn ní etíkun Èkó. Omi odò àti ẹrẹ̀ pọ̀ níbẹ̀ jù. Iyùn inú táǹkì jẹ́ ẹbí rẹ̀ láti òkun gbígbóná. Nínú ẹran ara wọn ni ewédò kéékèèké ń gbé, àwọn tí ojú kò lè rí. Ewédò á jẹ ìmọ́lẹ̀, á sì fún iyùn lára oúnjẹ tó bá sè. Ìdí nìyẹn tí iná táǹkì fi ṣe pàtàkì ju oúnjẹ lọ fún wọn. Ẹ ra iná tó ní aago, kó máa tàn fún wákàtí bíi 8 sí 10, kí ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́.

Níbí gan-an ni ọ̀rọ̀ iṣẹ́ kékeré àti iṣẹ́ ńlá ti pín. Iyùn líle, àwọn tó ń kọ́ egungun, máa ń jẹ kálísíọ́ọ̀mù inú omi lójoojúmọ́ bí ẹni tó ń mọlé tó ń ra sìmẹ́ńtì. Bí wọ́n bá pọ̀, ẹ óò máa wọn omi, ẹ óò máa fi kẹ́míkà kún un, ẹ̀rọ tó ń ṣe é fúnra rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà gba àbójútó. Iyùn rírọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Leather coral tó dàbí olú ńlá, mushroom tó lẹ̀ mọ́ àpáta bí etí, àwọn tó ń tanná wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń pè ní zoanthid: bí ẹ bá ń pààrọ̀ ìdámẹ́wàá omi lọ́sẹ̀ méjì méjì, ó tó wọn. Ìdámẹ́wàá yẹn jẹ́ lítà bíi 40, tó ń gba iyọ̀ táǹkì bíi kílò kan àbọ̀. Ẹ fi àpò èédú táǹkì sínú sump, kí ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ lóṣooṣù, nítorí iyùn rírọ̀ máa ń da oró sómi láti fi bá ara wọn jà. Àwọn kan á ní táǹkì iyùn rírọ̀, ti ọmọdé ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́. Ó ń mì, ó ń jó, ọ̀pọ̀ iyùn líle kì í jó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀kan péré ni mo fẹ́ kì àwọn òbí nílọ̀ lé lórí. Zoanthid yẹn àti àwọn ẹbí rẹ̀, òmíràn nínú wọn ní májèlé palytoxin nínú, ọ̀kan lára májèlé tó le jù tí ènìyàn mọ̀. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti gíláàsì ojú bí ẹ bá fẹ́ gé e. Ẹ má gbé àpáta tó wà lára rẹ̀ sórí iná láé, ẹ má da omi gbígbóná sí i, nítorí ooru rẹ̀ lè dá gbogbo ilé dùbúlẹ̀. Kí ọwọ́ ọmọ má wọ táǹkì. Bí àwọn ọmọ bá ṣì kéré púpọ̀, ẹ fi zoanthid sílẹ̀ pátápátá, àwọn yòókù tó.

Ẹja wá nìyẹn. Mẹ́fà tàbí méje, kí gbogbo wọn kéré. Ẹ ra èyí tí wọ́n sìn, kì í ṣe èyí tí wọ́n mú nínú òkun. Clownfish méjì, ẹja aláwọ̀ ọsàn inú fíìmù Finding Nemo. Ẹ jẹ́ kí n fi èyí ṣeré: akọ ni gbogbo wọn nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé. Èyí tó tóbi jù á di abo, òun ni ọ̀gá ilé. Bó bá kú, ọkọ rẹ̀ á di abo, òmíràn á wá di ọkọ. Ẹ̀yin tó wo fíìmù náà, ẹ lọ tún ìtàn bàbá Nemo rò. Lẹ́yìn náà, Banggai cardinalfish, tó jẹ́ pé erékùṣù Banggai ní Indonéṣíà nìkan ni ilé ìbí rẹ̀. Wọ́n ti mú un jù níbẹ̀ débi pé ó wà lára àwọn tó lè parun, bẹ́ẹ̀ wọ́n sì ń sìn ín dáadáa. Kò sí ìdí fún ẹnikẹ́ni láti ra ti inú òkun. Bàbá ló ń gbé ẹyin sí ẹnu títí yóò fi pa, kì í sì í jẹun ní gbogbo àkókò náà. Edé kan tàbí méjì àti ìgbín òkun ogún láti máa jẹ ewédò orí gíláàsì. Anemone ńkọ́? Rárá. Ẹ mọ̀ pé ó máa ń rìn? Òru ló ń rìn, inú pọ́ǹpù ló sì ń rìn lọ.

Gbogbo ẹja tuntun, kí ó kọ́kọ́ gbé táǹkì kékeré lọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ bíi mẹ́rin. Àrùn ẹlẹ́fun funfun, Cryptocaryon, bó bá wọ táǹkì ńlá, ẹ kò lè fi oògùn kọ́pà tọ́jú rẹ̀ níbẹ̀ nítorí kọ́pà á pa iyùn àti edé. Ẹ óò kó gbogbo ẹja jáde, ẹ óò sì fi táǹkì sílẹ̀ láìsí ẹja fún oṣù méjì àbọ̀. Mo ti ṣe é rí. Ẹ má jẹ́ kó kàn yín.

Omi ẹnu ẹ̀rọ, ẹ má lò ó bẹ́ẹ̀. Ẹ wo inú kẹ́tùlù yín, ẹ̀fun tó wà níbẹ̀ yẹn, inú táǹkì ló ń lọ. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní RO/DI á sẹ́ gbogbo rẹ̀ kúrò, lábẹ́ síǹkì kíṣíìnì ló máa wà.

Nísinsìnyí, àkókò. Níbi tí ènìyàn ti ń ṣìṣe jù nìyí. Ìdọ̀tí ẹja á di amóníà, amóníà máa ń pa. Bakitéríà kan á sọ ọ́ di náítíráìtì. Òmíràn á wá sọ ọ́ di náítíréètì, ìyẹn ò le tó bẹ́ẹ̀. Bakitéríà wọ̀nyí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ́lé sórí àpáta, ó ń gba ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Lẹ́yìn èyí, gbogbo nǹkan á di aláwọ̀ ilẹ̀, á rí bí ẹni da ìfọ́ gààrí sí i, ẹ óò rò pé ẹ ti bà á jẹ́. Ẹ fi sílẹ̀. Á lọ. Ẹja méjì, ẹ dúró oṣù kan. Iyùn díẹ̀, ẹ tún dúró. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Nítorí náà, àbúrò mi, má bẹ̀rẹ̀ ní Oṣù Kẹsàn-án kí ó lè dára fún àlejò ọdún. Lọ sílé, jẹ ọdún rẹ, padà dé ní Oṣù Kìn-ín-ní, nígbà náà ni kí o rọ omi sí i. Wàá ní oṣù mọ́kànlá kó tó di ìdánwò.

Ìdánwò náà rèé. Ní ilé tí hítà ilé ń jó nígbà òtútù, irú táǹkì yìí lè fa lítà 4 lójúmọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, lítà 112. Ọkàn rẹ á ní kó o ra dúrọ́ọ̀mù ńlá, kó o kún un, kó o máa lọ. Má ṣe é. Bí ojú ẹ̀rọ yẹn bá lẹ̀ tí kò dúró mọ́, gbogbo lítà 112 á wọ inú táǹkì lẹ́ẹ̀kan, iyọ̀ á dàrú, ilẹ̀ á kún. Agbè lítà 40 ni kó o lò, kí ẹnìkan máa wá kún un lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Bó bá bàjẹ́ nígbà náà, lítà 40 ló pọ̀ jù tó lè wọlé, táǹkì ńlá á fara dà á. Oúnjẹ, ẹ ra àpótí oògùn ọlọ́jọ́ méje, èyí tí àwọn àgbàlagbà ń lò. Ẹ wọn oúnjẹ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sínú ihò kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wá gbé agolo oúnjẹ pamọ́ síbi tí aládùúgbò kò ti ní rí i. Àánú ni yóò mú un fún wọn ní méjì. Ẹja tí kò jẹun fún ọjọ́ méjì kò ní kú, ẹja tí wọ́n bọ́ jù ló ń ba omi jẹ́.

Iná náà ńkọ́? Àwọn òbí wa tó mọ NEPA á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ní Oṣù Kejìlá 2013, ìjì yìnyín gé iná fún ọ̀kẹ́ àìmọye ilé ní Toronto àti agbègbè rẹ̀, ọjọ́ mélòó kan làwọn mìíràn fi wà lókùnkùn. Kí òtútù tó pa ẹja, àìsí afẹ́fẹ́ nínú omi ti pa á. Ẹ ra pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ oníbátìrì tó máa ń tan ara rẹ̀ bí iná bá lọ. Kò wọ́n. Ẹ fi kámẹ́rà kékeré kan kọjú sí inú sump pẹ̀lú, kì í ṣe sí iwájú tó rẹwà. Láti Ìjẹ̀bú ni mo ti ń wo tèmi lórí fóònù báyìí, àwọn ẹ̀gbọ́n mi rò pé ilé ni mo ń ṣọ́.

Ẹni tó máa di kọ́kọ́rọ́ mú ló kù. Bí ẹ kò bá ní ẹnìkan tó lè wá lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, tí ẹ ti pè wá fún ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú kó wá ṣe é níṣojú yín, ẹ má tíì rà á. Tọkàntọkàn ni mo fi sọ èyí. Màmá tó ní owó tó rì sómi ni, mi ò lè bá wọn jiyàn. Owó táǹkì fúnra rẹ̀ kì í sábà tó ìdajì ohun tí ẹ máa ná. Ẹ̀mí tó sì rì sómi ju owó lọ.

Àbúrò mi, ìwọ náà dá mi lóhùn lórí ọ̀kan yìí, nítorí o kò sọ ọ́ nínú lẹ́tà: ṣé màmá máa ń bá yín lọ sílé ní Oṣù Kejìlá, àbí òtútù Brampton ni wọ́n máa ń jókòó tì? Bí wọ́n bá ń jókòó, fi àga wọn síwájú ògiri yẹn láti ọjọ́ tí omi bá ti wọlé. Jẹ́ kí wọ́n máa bọ́ ẹja náà láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, jẹ́ kí wọ́n sọ méjèèjì lórúkọ. Kọ̀wé sí mi bó bá di ìgbà ẹ̀rùn, kí o sì fi fọ́tò sump ránṣẹ́, kì í ṣe ti iwájú. Ó dìgbà kan ná.